Bí A Ṣe Lè Wádìí Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Gíríìkì Náà «Deilía» Nínú Bíbélì

Ẹni tí ó bá ń ka 2 Tímótíù 1:7, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé Ọlọ́run kò fún wa ní ẹ̀mí ìbẹ̀rù, kí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé deilía, ìyẹn ìwà ojo, ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà níbẹ̀, kì í ṣe phóbos tí a sábà máa ń pè ní ìbẹ̀rù. Nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé atọ́ka Strong, tí ó fún ọ̀rọ̀ Bíbélì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ni 1167. Nínú gbogbo Májẹ̀mú Tuntun, ibẹ̀ nìkan ni ó wà, nítorí náà ó di dandan kí a wá àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ẹbí rẹ̀ kàn.

Bẹ̀rẹ̀ láti orí deilós, tí ó túmọ̀ sí ojo, nọ́ńbà 1169. Òun ni Jésù fi bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wí nígbà tí ìjì dé lórí òkun (Mátíù 8:26, Máàkù 4:40), òun náà sì ni Ìfihàn 21:8 lò fún àwọn ojo. Lẹ́yìn náà, lọ sínú Septuagint, ìyẹn Májẹ̀mú Láéláé ní èdè Gíríìkì. Ní Diutarónómì 20:8, a ní kí ojo padà sílé láti ojú ogun, kí ọkàn àwọn arákùnrin rẹ̀ má baà domi bíi tirẹ̀. Ní Léfítíkù 26:36, deilía fúnra rẹ̀ ni a fi sí ọkàn àwọn tí ìró ewé lásán yóò máa lé sá.

Wàyí o, fi í wé phóbos, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ìwàásù ti ń ṣìnà. Phóbos lè dára: nínú ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni a ti ń sọ ìwà mímọ́ di pípé (2 Kọ́ríńtì 7:1). Pọ́ọ̀lù alára sọ pé inú phóbos àti ìwárìrì ni òun wà ní Kọ́ríńtì (1 Kọ́ríńtì 2:3), síbẹ̀ ó wàásù. Deilía kò ní ẹ̀gbẹ́ rere bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí dá ẹni tí àyà rẹ̀ ń já lẹ́bi, nítorí nínú Sáàmù 55:4, olórin náà ké sí Ọlọ́run pé deilía ikú ti ṣubú lu òun.

Níkẹyìn, padà sí 2 Tímótíù, kí o ka orí 1 tán. Ẹsẹ 8 ní kí Tímótíù má ṣe tijú ẹ̀rí Olúwa, tàbí Pọ́ọ̀lù tí ó wà lẹ́wọ̀n. Ní ẹsẹ 15, Fígẹ́lù àti Hẹmogénè ti kẹ̀yìn sí Pọ́ọ̀lù. Ní ẹsẹ 16 àti 17, Onẹsífórù kò tijú ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ó wá a kiri Róòmù títí ó fi rí i.