Ọkọ̀ ńlá ti kọjá, ìgbì rẹ̀ ṣì ń bọ̀: àṣìṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó

Owó tí àwọn èèyàn ń kó sómi l'Ékòó lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ń bí mi nínú. Ẹnìkan á ra ọkọ̀ onífáíbà, á de ẹ́ńjìnì méjì tó ní agbára ẹṣin 200 lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn nídìí, á to sípíkà ńlá àti iná aláràbarà sí i lára. Kò ní okùn tó gùn, kò ní ìdákọ̀ró tó wúwo, kò ní rédíò. Bó bá wá dé Commodore Channel, níbi tí àwọn ọkọ̀ akóńténà ń gbà wọ Àpápá àti Tin Can, á wá máa pariwo pé omi Èkó le. Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ irú wọn ní ìtukọ̀. Mi ò ní sọ bí a ṣe ń tan ẹ́ńjìnì tàbí bí a ṣe ń so láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò tíì mọ ìyẹn, kó má kúrò ní èbúté ná.

Àkọ́kọ́: ọkọ̀ ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo omi.

Ọkọ̀ ńlá á kọjá, gbogbo èrò á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Ó ti lọ." Irọ́ ni, ìgbì rẹ̀ ò tíì dé. Ìgbì tí ọkọ̀ òkun ń dá máa ń là sí méjì lẹ́yìn rẹ̀, apá kan sọ́tùn-ún, apá kan sósì. Nínú omi tó jìn, igun tí apá kọ̀ọ̀kan fi ń yà kúrò lójú ọ̀nà ọkọ̀ náà tó nǹkan bíi dìgírì 19.5. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ náà ń sá 10 nọ́ọ̀tì, ìyẹn bíi kìlómítà 18.5 ní wákàtí kan, ẹ̀yin sì wà ní 500 mítà sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Ìgbì rẹ̀ á kàn yín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti kọjá lọ́dọ̀ yín. Nínú omi tí kò jìn, iye náà á yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìgbì á pẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ náà ni. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀ ti tó kí atukọ̀ gbàgbé, kí àwọn ọmọdé dìde lórí àga, kí ẹnìkan sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu jọ̀lọ́ọ̀fù.

Mo rí èyí kan lójú ara mi lọ́nà Tarkwa Bay. Ọ̀gbẹ́ni kan kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ tuntun. Ọkọ̀ akóńténà ń wọlé bọ̀, ni gbogbo wọn bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n lè ya fídíò. Mo juwọ́ sí wọn, mo fọn fèrè, wọ́n rò pé mò ń kí wọn ni, wọ́n juwọ́ padà. Ọkọ̀ ńlá kọjá, wọ́n ṣì dúró síbẹ̀, wọ́n ń wo ohun tí wọ́n yà. Ìgbì àkọ́kọ́ gbé ọkọ̀ wọn ní ẹ̀gbẹ́ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi tẹ́lẹ̀, èkejì rọ́ wọlé. Ọkọ̀ ò dojú dé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n obìnrin kan ṣubú sómi láìwọ jákẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ apẹja ló yọ ọ́. Ẹ̀rù ọjọ́ náà ò tíì kúrò lára mi.

Ẹ tún mọ èyí: ìgbì kì í dá wá. Ọ̀wọ́ ni wọ́n ń wọ́ bọ̀, èyí tó sì ga jù kì í sábà jẹ́ èyí tó kọ́kọ́ dé. Ìgbì tí ọkọ̀ tó ń sá 10 nọ́ọ̀tì ń fà sẹ́yìn ara rẹ̀ lórí omi jíjìn máa ń gùn tó 17 mítà láti orí ọ̀kan dé orí èkejì. Bí eré ọkọ̀ náà bá di ìlọ́po méjì, gígùn yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ yín tó gùn ní mítà mẹ́fà lè wọ inú kòtò láàárín méjì tán pátápátá. Àwọn kan á ní ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ọkọ̀ tó ti òkun wá ló ń gbé òkun wọ ọ̀sà.

Èkejì: gbígba ìgbì ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ni ọkọ̀ kékeré ti rọrùn jù láti dojú dé. Ẹ dín eré kù kí ìgbì tó dé, ẹ yí imú ọkọ̀ sí i ní ìdábùú díẹ̀, nǹkan bíi dìgírì 30 sí 45. Ẹ má kọjú sí i gan-an pẹ̀lú eré, torí ọkọ̀ á fò kúrò lórí ti àkọ́kọ́, á fi imú gún ti èkejì. Ẹ má sì pa ẹ́ńjìnì, torí ọkọ̀ tí kò ní agbára ò ṣeé darí, omi ló máa yí i sí ẹ̀gbẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ fún un níná díẹ̀ bó bá ń gun ìgbì, ẹ dẹ̀ ẹ́ bó bá dé orí. Gbogbo èrò ní láti jókòó, kí wọ́n sún sí àárín àti ẹ̀yìn. Ẹni tó jókòó sí imú ọkọ̀ ni ìgbì máa ń jù sókè tó sì ń gbé lulẹ̀, ẹ̀yìn ló sì ń fi gbà á.

Ẹ̀kẹta: rírà ọkọ̀ tí wọn ò ṣe fún omi yìí. Àlòkù láti Amẹ́ríkà pọ̀ lọ́jà báyìí, èyí tí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ tí wọ́n to àga sí imú rẹ̀. Ó dára lójú, kò sì wọ́n jù. Orí adágún omi tó dákẹ́ ni irú rẹ̀ ti wúlò jù. Bí ìgbì ọkọ̀ ńlá bá wọ imú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, omi náà ò níbi tó máa gbà jáde kíákíá. Omi tó kún àpótí oníga mítà kan, oníbùú mítà kan, onígùn-ún mítà kan, tọ́ọ̀nù kan gbáko ni. Ó wúwo ju àgbàlagbà mẹ́wàá lọ, kì í sì í jókòó jẹ́ẹ́ bí èèyàn, ibi tí ọkọ̀ bá tẹ̀ sí ló ń sáré lọ. Ẹ ra ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ bò, tí etí rẹ̀ ga. Ẹ fi owó sípíkà ra ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ọ̀rá rẹ̀ lábẹ́ àga kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Okùn tó ń pa ẹ́ńjìnì nígbà tí atukọ̀ bá ṣubú, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ atukọ̀ ló yẹ kí ẹ so ó mọ́.

Ẹ má ti orí eré já iná sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbì tí ẹ̀yin fúnra yín dá á bá yín láti ẹ̀yìn, á gorí ẹ́ńjìnì wọlé.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Gbogbo èèyàn gbà pé ọkọ̀ tó ń sáré nìkan ló ń da omi rú. Nínú ọ̀nà tóóró, irú bíi Badagry Creek lágbègbè Tin Can, ọkọ̀ tó ń rọra rìn lè fọ́ ọkọ̀ yín. Ọkọ̀ ńlá gba àyè púpọ̀ nínú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Omi tó ń tì síwájú ní láti rí ibi padà sẹ́yìn, àárín ara ọkọ̀ àti etídò ló sì ń gbà, pẹ̀lú eré. Bó ṣe ń sáré gba ibi tóóró yẹn ni ojú omi ń lọ sílẹ̀. Ẹni tó dúró létídò á rí i pé omi ń sá kúrò lẹ́sẹ̀ òun, ẹrẹ̀ á yọ, òkúta tí kì í hàn á hàn síta. Bí ìdí ọkọ̀ bá ti kọjá, omi tó sá lọ á padà dé tagbáratagbára.

Ọkùnrin kan fi okùn kúkúrú so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ jẹ́tì kọnkéré, ó fà á le gbandi. Ó ní kó má baà máa jó kiri. Mo sọ fún un kó dẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò fẹ́ kí fáíbà òun ha. Ọkọ̀ agbépo kan kọjá jẹ́jẹ́. Omi lọ sílẹ̀, ọkọ̀ fi okùn kọ́ bí ẹran tí wọ́n so rọ̀, irin tí okùn náà wé mọ́ sì fà tu pẹ̀lú fáíbà tó yí i ká. Nígbà tí omi padà, ó gbé ọkọ̀ lu kọnkéré léraléra títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi là. Ọ̀gbẹ́ni náà dójú lé ẹni tó ta okùn fún un! Okùn náà dára. Ọkọ̀ ni kò ráyè gòkè sọ̀ kalẹ̀.

Nítorí náà, okùn tó gùn ni kí ẹ lò, ọ̀kan láti imú, ọ̀kan láti ìdí, àti méjì mìíràn tó kọjá lórí ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ kí ọkọ̀ má baà sáré síwá sẹ́yìn. Ẹ fi táyà tàbí bọ́ọ̀lù rọ́bà bo ojú kọnkéré. Bí ẹ bá rí i pé omi ń sá kúrò létídò, ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò nínú omi, kí ẹnikẹ́ni má sì ki ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ sáàárín ọkọ̀ àti jẹ́tì láti fi tì í. Ọkọ̀ ṣeé tún ṣe. Ìka tó já ò ṣeé tún ṣe.

Mo tún fẹ́ bá àwọn tó ń sọ pé "Mo ti dín eré kù" sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré gan-an máa ń gun orí omi, ìgbì rẹ̀ á kéré díẹ̀. Bí ẹ bá dín in sí àárín méjì, ìdí ọkọ̀ á rì, imú á gbé sókè, ìgbì tó ga jù ló sì ń dá nígbà yẹn. Bí ẹ ṣe ń ṣe nìyẹn tí ẹ bá ń kọjá níwájú Makoko, tí ọkọ̀ àwọn Ègùn àti Ìlàjẹ apẹja fi ń kún fún omi, tí ẹja àti àwọ̀n wọn ń lọ. Wọ́n á bú yín, ẹ ó ní wọ́n ń ṣe ìlara. Ẹ dín eré kù títí imú ọkọ̀ á fi wálẹ̀ pátápátá. Ìgbà yẹn lẹ tó lè sọ pé ẹ dín in.

Ẹ má gba iwájú ọkọ̀ ńlá kọjá láé. Òfin àgbáyé fún ààbò ojú òkun gbà pé omi iwájú ọkọ̀ lè fara sin fún ẹni tó ń darí rẹ̀ títí dé ìlọ́po méjì gígùn ọkọ̀ náà tàbí 500 mítà, èyíkéyìí tó bá kéré jù. Ọkọ̀ tó gùn ní 250 mítà lè má rí yín rárá láàárín 500 mítà yẹn, bó bá sì ń sá 10 nọ́ọ̀tì, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ péré ló máa fi jẹ ẹ́ tán. Òfin ìrìnnà ojú òkun ti 1972 náà sọ ọ́ pé ọkọ̀ tí kò gùn tó 20 mítà kò gbọdọ̀ dí ọkọ̀ tí kò lè rìn láìséwu àfi nínú ọ̀nà tóóró lọ́wọ́. Bó bá fọn fèrè kúkúrú kan, ọ̀tún ló ń yà sí, méjì, òsì, mẹ́ta, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń fà sẹ́yìn. Bí ẹ bá gbọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kíákíá, ohun tí ẹ ń ṣe kò yé e. Ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ ra rédíò VHF, èyí tí àwọn ọkọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ẹ fi í sí ojú ìlà 16, ìlà tí wọ́n ń lò fún ìpè àti pàjáwìrì, ẹ sì jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi tó ń jáde ló kù. Bí omi ọ̀sà bá ń fà jáde lọ sókun, tí ìgbì òkun sì ń wọlé pàdé rẹ̀ láàárín àwọn odi òkúta ẹnu ọ̀nà Èkó, ìgbì máa ń súnra pọ̀, á ga, ojú rẹ̀ á dúró ṣánṣán. Ìgbì ọkọ̀ ńlá tó bá tún wá dà lé e lórí níbẹ̀ kọjá ohun tí ọkọ̀ mítà mẹ́fà lè gbà. Àkọsílẹ̀ àkókò tí omi ń kún àti tí ó ń fà l'Ékòó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó da epo sí ẹ́ńjìnì, ẹ wò ó, kí ẹ sì yan wákàtí tí omi ń wọlé tàbí tó dúró fún ìrìn àjò yín sí ẹnu òkun.