Fọ́ọ̀mù ẹ̀gbọ́n mi oníyán

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń se oúnjẹ òde ní Adó-Èkìtì, iyán ni wọ́n sì fi gba orúkọ. Mo ṣe ojú ìwé kékeré kan fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí oníbàárà lè kọ orúkọ, fóònù, ímeèlì, ọjọ́ òde àti iye èèyàn síbẹ̀. Wọ́n ní: “Ṣáà jẹ́ kó máa wọ ímeèlì mi. Mi ò lè máa fi ọwọ́ iyán ṣí kọ̀ǹpútà.”

PHP, èdè kóòdù kan, ni mo lò, torí ó ti wà lórí sáfà tí a háyà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé ojú ìwé náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, lẹ́tà dé, àmọ́ iwájú “Orúkọ:” ṣófo. Mo wo kóòdù títí ojú fi ń ta mí. Àṣé id ni mo fún àpótí orúkọ nínú kóòdù, mi ò fún un ní name, bẹ́ẹ̀ name nìkan ni $_POST, ibi tí PHP ti ń gba ohun tí oníbàárà kọ, mọ̀.

Ìyẹn kéré. Oníbàárà kan pè láti Ìkẹ́rẹ́, inú ń bí i: òun ti kọ̀wé láti ọjọ́ Ẹtì, ẹnikẹ́ni ò dá òun lóhùn. Iyán 200 èèyàn! Inú Spam, àpótí lẹ́tà tí ímeèlì fura sí, ni mo ti bá a. mail(), àṣẹ PHP tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, ti dáhùn true (bẹ́ẹ̀ ni), mo sì ti lọ sùn. Ohun tí true yẹn ń sọ ò ju pé sáfà ti gba lẹ́tà lọ́wọ́ mi. Kò ní ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀bi mi ni. Ímeèlì oníbàárà ni mo fi sí From, àyè ẹni tó kọ lẹ́tà, kí ìdáhùn lè rọrùn. Lójú Gmail, sáfà wa ń fi orúkọ olórúkọ kọ lẹ́tà nìyẹn. Mo bá fi àdírẹ́sì tiwa sí From, mo gbé ti oníbàárà sí Reply-To, àyè ibi tí ìdáhùn yóò lọ. Mo fi SPF, ìlà tó ń sọ sáfà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi orúkọ wa kọ lẹ́tà, sínú DNS wa, ìwé àkọsílẹ̀ orúkọ ojú ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí láti oṣù kejì 2024 ni Google ti ní kí ẹni tó bá ń kọ̀wé sí Gmail ní SPF tàbí DKIM, òǹtẹ̀ tí sáfà ń tẹ̀ sí lẹ́tà. Mo pa mail() tì, mo mú PHPMailer, kóòdù ọ̀fẹ́ tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó ń gba port 587, ojú ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà jáde. Filter_var, àṣẹ PHP mìíràn, ló ń yẹ àdírẹ́sì wò kó tó wọlé, kí ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan má baà ki ìlà tuntun bọ̀ ọ́, kó fi Bcc tirẹ̀, àdírẹ́sì ìkọ̀kọ̀ tí ẹ̀dà lẹ́tà ń lọ, sí i, kí sáfà wa wá di ẹrú oníjìbìtì.

Mo ní kí oníbàárà Ìkẹ́rẹ́ tún un kọ. Fóònù ẹ̀gbọ́n mi dún, ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ni mo bá kà á fún wọn.

“Sọ fún un pé a gbà. Kó sanwó iṣu ṣáájú.”

Mo tẹ Reply. Àdírẹ́sì oníbàárà ló jáde.