Bí Òṣèré Ṣe Lè Ṣe Abigail Williams Kí Ó Ṣeé Gbà Gbọ́

Ọ̀pọ̀ òṣèrébìnrin tí wọ́n bá fún ní ipa Abigail Williams, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ń fi ẹ̀sùn àjẹ́ èké kan àwọn ará ìlú nínú eré The Crucible, ni ó máa ń le ojú koko láti ìgbà tí wọ́n bá ti yọ sórí ìtàgé, tí wọn yóò máa wo gbogbo ènìyàn bí ẹni tí ó fẹ́ ṣe wọ́n léṣe. Èmi náà ti fi àyè gba irú rẹ̀ rí nígbà tí mo ń darí eré náà, ẹ̀bi mi sì ni. Kí a tó dé ìran ilé-ẹjọ́, àwọn òǹwòran ti mọ̀ ọ́n lónírọ́, wọ́n sì ń fi adájọ́ rẹ́rìn-ín pé òmùgọ̀ wo ni eléyìí tí kò rí ohun tí gbogbo wa ń rí. Eré yìí, tí Arthur Miller kọ, tí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe ní New York ní oṣù kìíní ọdún 1953, kò lè dúró bí adájọ́ bá di aláwàdà, nítorí ohun tí ó bani lẹ́rù nínú rẹ̀ ni pé ọmọ náà ṣeé gbà gbọ́. Kí òṣèré tí ipa yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́ fi irọ́ pípa sílẹ̀ ná, kí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí bí Abigail ṣe ń fetí sílẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nípa kíkọ gbogbo ohun tí ó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ìwé kan. Ọmọ ọdún 17 ni nínú eré, ọmọ òrukàn tí wọ́n pa òbí rẹ̀ níṣojú rẹ̀ lórí ibùsùn. Ó ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀, Parris, pásítọ̀ ní Salem ní Massachusetts, tí kì í jẹ́ kí ó gbàgbé pé òun ni ó ń bọ́ ọ. Ó ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rí nílé John Proctor, ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ wọ àárín òun àti baálé ilé, Elizabeth ìyàwó ilé sì lé e jáde. Oṣù méje ti kọjá, kò sì sí ẹni tí ó tún pè é síṣẹ́. Lórí gbogbo èyí, wọ́n ti ká òun àti àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin yòókù mọ́ ibi tí wọ́n ti ń jó nínú igbó lóru, níbi tí ó ti mu ẹ̀jẹ̀ kí Elizabeth lè kú. Láàárín àwọn Puritan, ìyẹn àwọn Krìstẹ́nì ìlú náà tí òfin ẹ̀sìn wọn le, ijó nìkan tó fún ẹgba, ẹ̀sùn àjẹ́ sì lè di okùn lọ́rùn ẹni. Òṣèré tí ó bá ní ìwé yìí lọ́kàn kò nílò láti ṣojú burúkú. Ẹ̀rù á ti bà á kí ó tó la ẹnu.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé eré, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ gbogbo ìbéèrè tí àwọn àgbà béèrè ní ìparí ìpín kìíní. Iṣẹ́ yìí kì í gba àkókò, àmọ́ òun ni ó la ipa náà yé mi. Ẹ ó rí i pé ìdáhùn ti wà lẹ́nu ẹni tí ó ń béèrè. Hale, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí wọ́n pè nítorí pé ó mọ̀ nípa àjẹ́, ń bi Tituba nípa àwọn tí ó bá Sátánì wá; Putnam sì ni ó ju orúkọ Sarah Good àti Osburn sílẹ̀. Tituba, ẹrúbìnrin tí wọ́n ti fi ẹgba àti ikú halẹ̀ mọ́, gba orúkọ méjèèjì lẹ́nu rẹ̀. Nígbà náà ni Abigail dìde, tí ó ké pé òun rí Sarah Good, òun rí Osburn, òun rí Bridget Bishop lọ́dọ̀ Sátánì.

Ẹ wo orúkọ mẹ́ta yẹn dáadáa. Àwítúnwí ni méjì àkọ́kọ́, ọ̀nà tí ẹlòmíràn ti là ni ó ń tọ̀. Ẹ̀kẹta nìkan ni tirẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọmọ tí ń sá fún ẹgba ti di olùfisùn. Mo máa ń ní kí òṣèré sọ méjì àkọ́kọ́ kíákíá bí ẹni tí omi ń gbé lọ, kí ó mí, kí ó wá sọ ẹ̀kẹta, kí ó sì yára wo ojú Hale bóyá ó wọlé. Ó wọlé. Kò ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran yóò rí ọmọ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àgbà lè wárìrì nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu òun.

Kí èyí tó lè ṣiṣẹ́, kò gbọdọ̀ mú ojú kúrò lára Tituba láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí rẹ̀. Nígbà tí Tituba ń sẹ́, ohùn gbogbo wọn le. Gbàrà tí ó jẹ́wọ́, Hale mú un lọ́wọ́, ó ń tù ú nínú. Ẹni tí ó bá jẹ́wọ́ tí ó sì dárúkọ ẹlòmíràn yóò yè. Ẹni tí ó bá ní òun kò mọwọ́mẹsẹ̀, okùn ni. Abigail mọ òfin yìí kí ilé-ẹjọ́ tó jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Salem gidi ní ọdún 1692, níbi tí àwọn ènìyàn 19 tí wọ́n so kọ́ ti kú lórí pé àwọn kò jẹ̀bi. Àkókò tí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ń mú àwọn ènìyàn ní túláàsì láti dárúkọ àwọn ojúlùmọ̀ wọn tí ó jẹ́ Kọ́múníìsì ni Miller kọ eré yìí, kò sì ṣèèṣì kọ ọ́. (Bí ẹ bá lọ ka ìtàn, ẹ ó rí i pé Abigail gidi kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 11 tàbí 12 lọ, Proctor gidi sì ti ń lọ sí ẹni ọgọ́ta ọdún. Miller ni ó fi ìfẹ́ sáàárín wọn. Ẹ má gbé ọmọdé inú ìtàn yẹn wá sórí ìtàgé.)

Ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, láìsí ìdánudúró láàárín. Pẹ̀lú Parris, ó rẹlẹ̀, ó sì mọ́. Nígbà tí ó bá ń halẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin yòókù pé òun yóò wá bá wọn lóru, ẹ má jẹ́ kí ó pariwo. Ẹni tí ó lè ṣe ohun tí ó wí kì í pariwo. Nígbà tí Proctor bá wọlé, kí a rí ọmọ tí ó ń retí pé kí wọ́n mú òun padà, kí ó sì jẹ́ òtítọ́, nítorí ìfẹ́ yìí ni ohun kan ṣoṣo tí kò fi ṣe ẹ̀tàn nínú gbogbo eré.

Abigail kò yọ ní ìpín kejì, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ. Ó rí i nígbà tí Mary Warren, ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó wà nílé Proctor báyìí, rán ọmọlańgidi kan ní ilé-ẹjọ́ tí ó sì fi abẹ́rẹ́ há a nínú; ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ṣubú lulẹ̀ nídìí oúnjẹ, Parris sì fa abẹ́rẹ́ yọ nínú ikùn rẹ̀. Ara rẹ̀ ni ó fi abẹ́rẹ́ gún, kí wọ́n lè fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan Elizabeth. Kí òṣèré gbé egbò yẹn wọ ìpín kẹta, kí ó máa rọra jókòó, kí ó máa rọra dìde. Nígbà tí ó bá sọ fún Danforth, adájọ́ àgbà, pé ẹ̀jẹ̀ òun ti ṣàn, kò ní jẹ́ irọ́ pátápátá.

Ìran ilé-ẹjọ́, níbi tí Proctor ti mú Mary wá láti jẹ́wọ́ pé irọ́ ni àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin náà ń pa, ni mo máa ń lo ọjọ́ ìdánrawò púpọ̀ jù lé lórí. Kí Abigail dákẹ́ títí tí wọn yóò fi bi í, kí ó sì máa wo Danforth bí ó ti ń wo Tituba ní ìpín kìíní. Ọkùnrin yìí ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ènìyàn tí ó tó 400 ni ó wà lẹ́wọ̀n lórí ìfọwọ́sí òun, àti pé 72 ni òun ti dá ẹjọ́ ikú fún. Bí ọmọ yìí bá jẹ́ onírọ́, kí ni a ó pe Danforth? Abigail ti rí èyí kí adájọ́ fúnra rẹ̀ tó rí i, ìdí sì nìyẹn tí ó fi láyà láti kìlọ̀ fún un. Nígbà tí ó bá ní afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, kí ó má ṣe gbọ̀n jìnnìjìnnì. Hathorne, adájọ́ ẹlẹgbẹ́ Danforth, yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé ó tutù.

Ní ti ẹyẹ aláwọ̀ ìyeyè tí Abigail ń díbọ́n pé òun rí, pé ẹ̀mí Mary ni, ẹ yan ojú kan lórí igi àjà, kí gbogbo àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì lẹ ìdì aṣọ kékeré kan mọ́ ọn fún ìdánrawò. Hale ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé òun gba Proctor gbọ́ ni. Kí igbe Abigail gé ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu, nítorí òun nìkan ni ó gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yí padà. Láti ìgbà náà, kò gbọdọ̀ wo Mary Warren rárá. Ojú ẹyẹ ni kí ó máa wò, kí àwọn yòókù sì máa tún ọ̀rọ̀ Mary sọ, ohùn kan kọ́kọ́, lẹ́yìn náà gbogbo wọn ní èémí kan náà, títí tí Mary yóò fi já, tí yóò tọ́ka sí Proctor, tí yóò sì sáré tọ Abigail lọ.

Níbẹ̀ ni ó ti máa ń wu òṣèré láti rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn òǹwòran. Ẹ má gbà fún un. Kí ó na ọwọ́, kí ó fa Mary mọ́ra, kí ó máa fọwọ́ pa á lórí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń rẹ àbúrò lẹ́kún, bí Hale ṣe mú Tituba lọ́wọ́.