ISO gíga àti fọ́tò ara ògiri: àwọn àṣìṣe tí ń kó àbùkù bá iṣẹ́ wa

"Ta ló da iyanrìn sí mi lójú?" Ohun tí bàbá kan bi mí nìyẹn ní Òmù-Àrán, lọ́jọ́ tí mo gbé férémù 20 sí 30 íǹṣì lọ fún un. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbé iṣẹ́ náà fún mi nítorí ayẹyẹ 80 ọdún rẹ̀. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo yà á, ìnáwó ìgbéyàwó ni mo wà ní Ìlọrin. Iná inú gbọ̀ngàn ò tó nǹkan, mo bá gbé ISO, nọ́ńbà tí kámẹ́rà fi ń mú kí àwòrán tàn sí i, dé 6400. Ilẹ̀ mọ́, mo dé Òmù-Àrán, mo ní kí bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo yà wọ́n tán, n kò rántí wo nọ́ńbà yẹn mọ́. Lójú kámẹ́rà, àwòrán ń dán. Lára ògiri, ilà ojú bàbá ti rá mọ́ inú wóró-wóró, àwọn tóótòòtó bí iyanrìn tí ISO gíga máa ń fi hàn.

Nítorí náà, kí ẹ tó ya àwòrán àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́ tuntun, ẹ dá ISO padà sí 100 tàbí 200. Ìyẹn ò ní àlàyé púpọ̀.

Èyí tó ní àlàyé ni ojú kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà, torí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ wa. Àwòrán kámẹ́rà 24 megapixel (mílíọ̀nù 24 pixel, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) jẹ́ pixel 6000 ní gígùn, 4000 ní ìbú. Bí a bá fún un mọ́ ojú íǹṣì mẹ́ta, wóró-wóró yẹn á pò mọ́ra, ojú ò ní rí i. Orí fóònù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí oníbàárà fi máa ń ní "ó dáa" lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n lórí bébà 20 sí 30 íǹṣì, pixel 200 péré ló kan íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Kò síbi tí àléébù lè sá sí mọ́. Bí ẹ bá tún gé àwòrán náà sí ìdajì gígùn àti ìdajì ìbú, pixel mílíọ̀nù mẹ́fà ló kù sọ́wọ́ yín. Ẹ fa àwòrán súnmọ́ dáadáa kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ wo ibi tó ṣókùnkùn lábẹ́ fìlà tàbí gèlè. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́kọ́ hàn.

Àwọn kan rò pé ISO ń fi ìmọ́lẹ̀ kún ìmọ́lẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ rántí rédíò tí kò mú dáadáa lálẹ́: tí ẹ bá yí ohùn rẹ̀ sókè, ohùn oníròyìn á ròkè, ṣáá-ṣáá náà á ròkè. Bí ISO ṣe rí nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé ò yí padà. Ohun tí ń mú un wọlé ni ihò lẹ́ǹsì, àsìkò tí ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà (shutter) fi ṣí, àti iná tí ẹ gbé wá. Bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń tóbi tó: lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó sún mọ́ ìlọ́po mẹ́wàá ti f/5.6. Ibi tí f/5.6 bá ti ń bèèrè ISO 6400, f/1.8 lè gbà á ní ISO 800.

Àmọ́ àṣìṣe kan wà tó burú ju ISO gíga lọ lójú tèmi: ìbẹ̀rù ISO. Níbi eré dàdàkúàdà lálẹ́, ẹni tó bá rọ̀ mọ́ ISO 400 á rí ọwọ́ tí ń náwó bí èéfín, tàbí kí gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn, kó wá lọ tàn án lórí kọ̀ǹpútà. Wóró-wóró tó máa jáde nígbà náà sábà máa ń pọ̀ ju ti ISO 3200 tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pé. Àwòrán tó mì ò ní àtúnṣe.

Ẹ má sì fi sọ́fítíwià fọ wóró-wóró náà ní àfọ̀jù. Ojú èèyàn á dà bí ti bèbí. Aṣọ òfì tí wọ́n fi ọjọ́ púpọ̀ hun, tí fọ́nrán rẹ̀ ṣe kedere, á dà bí ike. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó dúró jìnnà díẹ̀ sí férémù ò ní kà á sí.

Nígbà tí mo padà lọ ya bàbá, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni, ISO 200, kámẹ́rà wà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Kí n tó sanwó férémù, mo gé ibi ojú nìkan jáde ní ìwọ̀n gan-an tó máa ní lára ògiri, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà 8 sí 10. Mo gbé e síwájú bàbá. Wọ́n ka ilà wọn, ó pé. Owó férémù àkọ́kọ́, àpò mi ló ti jáde.