Bí ẹgbẹ́ akọrin ṣe lè lọ kọrin ìhìnrere ní Sàró: ọ̀rọ̀ láti ẹnu akápò

Gàrí ni mò ń tà ní ọjà Òkè-Ajé níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Òde, n kì í ṣe pásítọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kọkànlá rèé tí àpótí owó ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ti wà lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo ka owó tí a fi lọ Freetown ní Sàró, tí òyìnbó ń pè ní Sierra Leone, èmi náà ni mo sì ka èyí tó ṣẹ́kù bọ̀. Láti ìgbà tí a ti dé ni àwọn ẹgbẹ́ akọrin láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣàgámù ti ń pè mí lórí fóònù: “Ìyá Akápò, báwo lẹ ṣe ṣe é?” Ẹnu ti ń ro mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀. Nígbà tí gbogbo ayé ń wá físà Lọ́ńdọ̀nù, owó ló kọ́kọ́ gbé wa lọ Sàró, mi ò ní purọ́. Àdéhùn ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti ọdún 1979 ló jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà lè wọ ibẹ̀ láìgba físà, kó sì lò tó 90 ọjọ́. Ohun tí à bá san fún físà, a fi kún owó ọkọ̀. Ìdí kejì ni pé a jẹ wọ́n ní gbèsè. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n kó dé Freetown, ló gbé ìhìnrere padà wá sílẹ̀ yìí. Àjàyí Crowther wà nínú wọn: 1822 ló dé ibẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1827. Àwa Ìjẹ̀bú ní tiwa ti ilẹ̀kùn mọ́ oníwàásù títí ogun Ìmàgbọ́n, tí òyìnbó fi ṣẹ́gun wa, fi ṣẹlẹ̀ ní 1892. Nítorí náà, ẹ má dé Sàró bí ẹni tó wá la ojú aláìmọ̀kan. Ilé ẹni tó la tiyín lẹ ń lọ.

Ẹni tí yóò lọ

Ènìyàn 38 ló kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwa 14 la lọ. Ìjà ibẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n báyìí ni a ṣe yan wọn: olúkúlùkù dìde, ó kọ orin mẹ́ta láìwo ìwé, òun àti ẹyọ ẹnì kan péré láti ohùn mìíràn. Ẹni tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ohùn ẹlòmíràn ló ń sá pamọ́ sí láti ọjọ́ yìí, ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Mẹ́ta sópránò, mẹ́ta áltò, mẹ́ta ténọ̀, mẹ́ta báàsì, onílù méjì. Èmi fúnra mi wà nínú áltò, kí ẹnikẹ́ni má rò pé owó nìkan ni mo bá lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ténọ̀ ló tún ń tẹ dùùrù.

Ní ti ìgbà, ẹ má lọ láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá. Òjò Freetown kì í ṣe òjò tí agbòjò ń gbà, pàápàá ní oṣù keje àti ìkẹjọ. Bákan náà, ẹ wo ọjọ́ Iléyá kí ẹ tó sanwó ohunkóhun, nítorí ó máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 súnmọ́ iwájú lọ́dọọdún. Ojúde Ọba sì ni ọjọ́ kẹta rẹ̀. Ẹ bá mi wá báàsì ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí yóò fi rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí yóò ní òun ń lọ kọrin ní Sàró. Kò sí.

Ìwé

Orúkọ ló fẹ́ dà wá láàmú. Ẹ mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa: ìwé ìbí ń pe ẹnì kan ní Ògún báyìí-báyìí, nígbà tó gba Jésù ó sọ ọ́ di Olú báyìí-báyìí, báńkì mọ ọ̀kan, ìjọ mọ èkejì. Ẹni tó bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì mú orúkọ mẹ́ta nínú ìwé ìjọ dípò páásípọ́ọ̀tù. A sanwó kí wọ́n tó tún un kọ, owó náà sì dùn mí títí di òní. Ẹ gba páásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, kí ẹ fúnra yín da orúkọ kọ lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò kú pẹ̀lú. Èyí tí kò bá ti ní tó oṣù mẹ́fà mọ́, ẹ lọ tún un ṣe.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tí wọ́n ń fún ni ní yẹ́lò káàdì lé lórí, ẹ gbà á ó kéré tán ọjọ́ 10 kí ẹ tó wọkọ̀. Ẹ gbà á níbi tí ìjọba ti ń fún un, ẹ má ra káàdì lọ́wọ́ ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Tí ọmọdé bá wà láàárín yín, kí bàbá àti ìyá rẹ̀ kọ ìwé pé àwọn yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó gbé e sínú báàgì ọwọ́.

Owó

Níbí ni kí ẹ ti tẹ́tí sí mi dáadáa. Èésú la fi bẹ̀rẹ̀: gbogbo ènìyàn 38 ń dá a ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án. Kí a tó gba kọ́bọ̀ kan ni mo ti kọ ọ́ sójú ìwé, tí olúkúlùkù sì fọwọ́ sí i, pé ẹni tí kò bá lọ yóò gba owó rẹ̀ padà ní kíkún. Bí kì í bá ṣe ìwé yẹn ni, ẹgbẹ́ akọrin wa ì bá ti tú ká lọ́jọ́ tí a ka orúkọ àwọn 14.

Lẹ́yìn náà la ṣe ọjọ́ ìkówójọ. Ẹ̀yin náà mọ ọjọ́ ìkówójọ. Olóyè yóò dìde, yóò gbé ọwọ́ agbádá lé èjìká, yóò ní òun fi báyìí ṣe é, ìlù yóò dún, orí wa yóò wú. Ẹ kọ ìlérí náà sójú ewé ọ̀tọ̀. Èyí tó bá wọlé kí a tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ni owó. Èyí tó kù, àdúrà ni. Nínú gbogbo ìlérí tiwa, kò tó ìdajì tó dọ́wọ́ mi, mo sì wà lára àwọn tó lọ kan ilẹ̀kùn.

Ènìyàn méjì ni kó máa buwọ́ lu ìwé báńkì, kí wọ́n má ṣe jẹ́ tọkọtaya. Ní Sàró, leone ni wọ́n ń ná. Ní 2022 wọ́n gé òdo mẹ́ta kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọjà kò gbàgbé ti àtijọ́. Bí wọ́n bá pe iye tó ga jù fún yín, ẹ béèrè pé ti àtijọ́ ni àbí ti tuntun, kí ẹ tó pariwo.

Ẹ tún bá ìjọ tó gbà yín lálejò sọ̀rọ̀ owó kí ẹ tó kúrò nílé: ta ni yóò bọ́ yín, ta ni yóò gbé yín kiri, ọrẹ tí wọ́n bá gbà lọ́jọ́ tí ẹ kọrin, ti ta ni? Ojú ń tì wá láti béèrè èyí tó gbẹ̀yìn. Ẹ béèrè. Àwa fi í sílẹ̀ fún wọn.

Orin àti ìlù

Ẹ dín orin òyìnbó tí wọ́n kàn ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ̀ kù. Bí orin bá gbé “ọkọ̀” sókè, ó di “ọkọ́”, àlejò yóò sì rò pé oko lẹ ń lọ. Ẹ mú orin tó ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Canon J. J. Ransome-Kuti, bàbá ẹni tó ṣe ọ̀gá àgbà Ijebu-Ode Grammar School láti 1918 sí 1932, ti kọ irú rẹ̀ sínú àwo fún ilé iṣẹ́ àwo orin Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ẹ wá fi àyè orin méjì sílẹ̀ fún èyí tí ẹ máa kọ́ lọ́dọ̀ àwọn onílé.

Ìlù ni ó ń jẹ mí lọ́kàn jù. Kí ìyáàlù tó wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹ tú ọ̀ṣán rẹ̀ kó dẹ̀, ẹ bọ́ saworo kúrò, kí ẹ sì fi aṣọ wé ojú awọ. Ẹ gbé gángan àti kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́. Pápákọ̀ òfurufú Lungi kò sí ní ìlú Freetown, odò ńlá ló wà láàárín wọn, ọkọ̀ ojú omi ni ẹ máa wọ̀ kọjá. Onígúdúgúdú wa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó gbé ìlù lé orí ẹsẹ̀ ní ìhòòhò. Omi òkun ta sí i. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tó sá a sóòrùn kó lè dún, awọ bẹ́ pàù. Ẹ wé tiyín sínú náílọ̀n, ìpele méjì.

Orógbó ni a ń jẹ fún ohùn. Mo gbé gàrí Ìjẹ̀bú lọ, ṣùgbọ́n mo tì í mọ́ inú àpò títí a fi kọrin tán lójoojúmọ́, nítorí ténọ̀ tó bá ti mu gàrí olómi tútù kò ní dé òkè. Ilé ìjọsìn kan ní òwúrọ̀, kan ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá débẹ̀

Ẹ fi wákàtí kan fa aago yín sẹ́yìn. Ẹnu iná wọn bá ti wa mu, oníhò mẹ́ta náà ni, dùùrù yóò ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́ ìkíni Krio, èdè àwọn ará Sàró, díẹ̀: “Kushɛ” ni wọ́n fi ń kí ni, ọ̀pọ̀ sì ní “ẹ kú iṣẹ́” ni ó ti wá. Bí wọ́n bá ní “Aw di bɔdi?”, ẹ dáhùn pé “A tɛl Gɔd tɛnki.” Ìkómọ wọn ni wọ́n ń pè ní komojade, àsè òkú ni awujɔ. Bí wọ́n bá pè yín sí awujɔ, kí ẹ ti bá pásítọ̀ yín sọ ọ́ nílé, kí ó má di pé báàsì ń jẹ ẹ̀wà, sópránò ń bínú.

Ìyá àgbà kan ní ìjọ tí a kọ́kọ́ kọrin sí di ọwọ́ mi mú, ó ní orúkọ ìyá òun àgbà ni Ayọ̀délé, kí n bá òun pè é bó ṣe yẹ. Mo pè é. Ó ní kí n tún un pè.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ bá dé, ẹ ka ìṣirò owó sí etí gbogbo ìjọ, títí kan owó omi inú ike. Tiwa ṣẹ́ kù díẹ̀, a fi ra awọ gúdúgúdú.