Mọ́tò tí ọmọ mi kò yà, àti táàṣì tó fẹ́ pa mí

₦6,500 ni kíréèṣì ọmọ mi gbà lọ́wọ́ mi ní táàmù tó kọjá fún "iṣẹ́ ọnà". Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ìsinmi, ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n kó fún mi: mọ́tò pupa, táyà rẹ̀ rí róbótó, fèrèsé rẹ̀ pé, orúkọ ọmọ mi sì wà nísàlẹ̀. Ọmọ ọdún méjì! Ọmọ tó ṣì ń fi ṣíbí wá ẹnu kiri! Mo bi àǹtí wọn pé ta ló yà á. Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, a kàn ràn án lọ́wọ́ díẹ̀ ni."

Ohun tó bí mi nínú nìyẹn. Kí ni ọmọ ọdún méjì fẹ́ fi mọ́tò ṣe? Kó tọwọ́ bọ ọ̀dà, kó fà á gbọọrọ, kó rí i pé àwọ̀ méjì pàdé, wọ́n di òmíràn, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Mo ní màá ṣe é nílé.

Ọ̀dà tí mo rí ní ìsọ̀ kan lójú ọ̀nà Ọba Adésídà ní Àkúrẹ́, ₦8,000, òórùn rẹ̀ ń ta ni nímú, wọn kò sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ọmọdé lè fẹnu kàn án. Tèmi kì í rí nǹkan kó má tọ́ ọ wò. Mo fi í sílẹ̀, mo gba Ọjà Ọba lọ ra ohun tí màá fi po ọ̀dà tèmi: táàṣì (ìyẹ̀fun tó máa ń ki bí ògì), sóbò, ata ilẹ̀ pupa lílọ̀ (tọ́mẹ́ríìkì), káún díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò tó ₦2,500. Mo ti ń fi kíréèṣì ṣẹ̀sín lọ́nà.

Táàṣì ló bá wọn gbẹ̀san.

Mo da ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú abọ́, mo da omi gbígbóná lé e. Kíá, ó di kókó. Mo fi ṣíbí fọ́ ọ̀kan: ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ̀ bí ẹyinjú ẹja, inú rẹ̀ gbẹ, ó funfun bí àtíkè. Mo ní bóyá kò jinná ni. Mo gbé e kaná, ìsàlẹ̀ jó, kókó ò kúrò lókè. Mo dà á sínú asẹ́, ó dí asẹ́ pa. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ni mo fi ń ha á títí wọ́n fi mú iná lọ.

Nínú òkùnkùn yẹn ni mo pe Màámi ní Oǹdó. Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. "O ò po ògì rí ni? Omi tútù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pò ó, kó tó kan gbígbóná!" Èmi tí mò ń po ògì fún ọmọ yìí láràárọ̀! Ojú tì mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi omi tútù pò ó títí ó fi dà bíi mílíìkì, mo wá ń da èyí tó hó lé e díẹ̀díẹ̀, mò ń rò ó. Lẹ́ẹ̀kan náà ló ki, ó ń dán, kókó kan ò sí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pe aládùúgbò kó wá wò ó. Sóbò sọ apá kan rẹ̀ di pupa, ata ilẹ̀ fún mi ní yẹ́lò. Mo kán omi káún sí sóbò tó kù, ó di aró tó fẹ́ jọ ewé.

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ìgbéyàwó ẹnì kan ni mo tẹ́ sílẹ̀ níta, pámpáàsì nìkan ló wà nídìí ọmọ. Ó fi ìka kan tẹ yẹ́lò, ó wo ìka náà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ọwọ́ méjèèjì, lẹ́yìn náà ikùn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú kí n bá a ya òbìrí. Ó já a gbà. Ẹ ò rí i, ohun tí mo tìtorí ẹ̀ bá àǹtí jà! Mo lọ jókòó. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ló fi ṣe é, ọmọ tí kì í jókòó ti oúnjẹ fún márùn-ún.

Tí mo bá tún un ṣe, àwọ̀ méjì tó. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pòpọ̀, wọ́n di ẹrẹ̀. Ẹ má fi aṣọ gidi sún mọ́ ata ilẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì tí mo fi nù ún lọ́wọ́ ṣì pọ́n títí di òní. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ dà á nù lálẹ́ ọjọ́ náà, tèmi ti kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ má sì bi í pé kí ló yà.

Mo sá ìwé náà sórí okùn. Ewúrẹ́ ìyá onílé jẹ ìdajì. Táàmù yìí, kíréèṣì tún kọ "iṣẹ́ ọnà" sínú bíìlì, ₦7,500. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìdajì tí ewúrẹ́ ò jẹ yẹn ni màá mú lọ bá wọn.