Wẹ́bsáìtì olórin: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé ní Ifẹ̀ àti Iléṣà

Olórin tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ lóde òní kò ṣàì ní Facebook, kò ṣàì ní TikTok, orin rẹ̀ sì wà lórí Audiomack àti Boomplay. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ ṣe òkú ìyá rẹ̀ ní Ìkìrun, tó gbọ́ orin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó sì wù ú, kò mọ ibi tí yóò ti rí nọ́ńbà tí yóò pè. Ohun tí wẹ́bsáìtì wà fún nìyẹn. Àmọ́ bí mo bá ń bá àwọn olórin wo tiwọn, àṣìṣe tí mo máa ń rí kò ju ẹyọ kan lọ, aṣọ rẹ̀ ló ń yàtọ̀: wọ́n ṣe é fún ara wọn, wọn kò ṣe é fún ẹni tó fẹ́ gbé owó wá.

Àwọn kan kò tilẹ̀ fẹ́ ní ọ̀kankan. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ fi ṣe nígbà tí Facebook wà. Wọ́n ti gbàgbé MySpace, ìkànnì tí àwọn olórin ń gbé orin sí kí Facebook tó gbajúmọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2019 ni ìròyìn gbòde pé nígbà tí wọ́n ń kó fáìlì láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn, orin tí àwọn èèyàn gbé síbẹ̀ láàárín 2003 sí 2015 ti sọnù. Orin tó lé ní mílíọ̀nù 50 ni wọ́n sọ pé ó bá a lọ. Olórin tí kò ní ẹ̀dà míràn nílé, iṣẹ́ rẹ̀ ti parẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kí nǹkan ẹni wà lọ́wọ́ ẹni kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lágbo orin wa. I. K. Dairo, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, òun àti Haruna Ishola dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Star sílẹ̀ ní 1969, àwọn fúnra wọn ni olówó rẹ̀.

Dómèènì tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn

Èyí ló burú jù nínú gbogbo wọn, ẹ jẹ́ kí n jókòó lé e díẹ̀. Dómèènì ni àdírẹ́sì tí èèyàn ń tẹ̀ kó tó rí wẹ́bsáìtì yín, ọdọọdún ni wọ́n sì ń sanwó rẹ̀.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Olórin á rí ọmọ OAU kan tó mọwọ́ kọ̀ǹpútà, á ní, "Àbúrò, bá mi ṣe é dáadáa o, má wo ti owó." Ọmọ náà á fi ímeèlì ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, á fi káàdì báńkì ara rẹ̀ sanwó, inú fóònù rẹ̀ ni páásìwọ́ọ̀dù á wà. Wẹ́bsáìtì á jáde, á rẹwà, inú gbogbo ẹgbẹ́ á dùn. Kò ní pẹ́, ọmọ náà á ṣe tán nílé ẹ̀kọ́, á lọ ṣe agùnbánirọ̀ ní Sókótó, láti ibẹ̀ á bá tirẹ̀ lọ sí Kánádà. Ímeèlì tó ń sọ pé owó ọdún yìí ti tó san á máa wọ ibi tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò mọ́. Ìgbà tí olórin máa mọ̀, ẹnì kan á pè é láti Iléṣà: "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti di oní-tẹ́tẹ́ ni?" Àwọn kan ti ra àdírẹ́sì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n ti fi ìpolówó tẹ́tẹ́ kún un.

Kò sí olè níbẹ̀, bí ètò ṣe rí ni. Bí ọjọ́ owó dómèènì .com bá kọjá, ilé-iṣẹ́ tí ẹ ti rà á lè fi sílẹ̀ fún yín di ọjọ́ 45, kí ẹ sanwó kí ẹ sì gbà á padà. Ẹ má fọkàn tán gbogbo ọjọ́ náà, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn kì í dúró tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 30 ló kù tí ẹ ṣì lè rà á padà, àmọ́ owó ìtanràn rẹ̀ á ga ju owó dómèènì fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì. Ọjọ́ 5 sí i, ó di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ mú un, àwọn kan sì ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tọ̀sántòru. Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́ á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní dìde títí wọn ó fi kówó fún un. Ilé-iṣẹ́ dómèènì kì í lóṣòó de ẹnikẹ́ni. Ímeèlì mélòó kan ni wọ́n á fi ránṣẹ́, ó tán.

Ẹ fi ímeèlì ara yín rà á. Kí ímeèlì náà má sì jẹ́ èyí tó wà lórí dómèènì kan náà, nítorí ọjọ́ tí dómèènì bá kú ni ímeèlì náà kú, ìkìlọ̀ kò sì ní rí ibi wọlé. Gmail lásán ti tó. Bí ẹ kò bá mọ bí tiyín ṣe rí, ẹ lọ sí lookup.icann.org, ẹ tẹ dómèènì yín síbẹ̀, ẹ ó rí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti rà á àti ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa tán. Ọmọ tó bá yín ṣe é kò ṣẹ̀. Ẹ pè é nísinsìnyí tó ṣì ń gbé Ifẹ̀, kó dá a padà sí orúkọ yín.

Iye owó ọdún àkọ́kọ́ náà máa ń tan èèyàn. Owó tí wọ́n fi ń fa ojú oníbàárà ni, ti ọdún kejì lè ga jù ú lọ dáadáa. Dómèènì .ng àti .com.ng, tí NiRA, àjọ tó ń rí sí dómèènì Nàìjíríà, ń bójú tó, ṣeé fi náírà rà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Nàìjíríà, èmi sì fẹ́ràn ìyẹn fún olórin tí káàdì náírà rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ẹni tó bá lágbára, kó san ọdún mẹ́ta papọ̀.

Àmì ohùn: ibi tó yẹ kó wà, ibi tí kò yẹ

Ẹ má fi ẹ, ọ tàbí ṣ sínú àdírẹ́sì. Ẹ̀rọ á sọ ọ́ di lẹ́tà játijàti tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn--, kò sì sí alága ìdúró tó lè pe ìyẹn sínú maikirofóònù. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ń kánjú á ṣe tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù.

Inú ojú-ewé gan-an ló yẹ kí àmì wà, ibẹ̀ ni wọn kì í sì í fi í sí. Fọ́ǹtì aláràbarà ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà náà. Èyí tó ń lọ́ wínníwínní tí wọ́n fẹ́ràn láti fi kọ orúkọ olórin gàdàgbà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò mọ lẹ́tà wa. Unicode, ìyẹn àkójọ lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà àti fóònù ń lò, ní ẹ, ó ní é, ṣùgbọ́n kò ní ẹ́ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ẹyọ kan: ẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀, àmì á wá gun orí rẹ̀. Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe fún ìyẹn á ti àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò lẹ́tà. Ẹ tẹ "Ọ̀ṣọ́ọ̀ṣì" síbẹ̀, kí ẹ wò ó lórí fóònù tí kò wọ́n. Bó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ lo Noto Sans tàbí Charis, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Ẹ má sì ṣe gbé ọ̀rọ̀ orin síbẹ̀ bíi fọ́tò. Ẹni tó ń wá gbólóhùn kan tó rántí nínú orin yín, kò dájú pé yóò rí i.

Ẹrù tó pọ̀ jù

Fọ́tò kan láti inú fóònù lè tó mẹ́gábáìtì 4. Ẹ to méjìlá rẹ̀ sí iwájú, dátà àlejò yín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́gábáìtì 50 ti lọ kó tó mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Ti orin tún kọjá bẹ́ẹ̀. Jùjú àti fújì wa kì í mọ ìṣẹ́jú mẹ́ta. Orin ìṣẹ́jú 18 ní WAV, bó ṣe ti sítúdíò jáde, nǹkan bí mẹ́gábáìtì 10 ni ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ó ń lọ sí 180 nìyẹn. Orin yẹn kan náà ní MP3 tó wà ní 128 kbps kò ju nǹkan bí 17 lọ. Ẹni tó wà nínú mọ́tò lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ tó ń bọ̀, kò ní dúró de 180. Ẹ gbé ìṣẹ́jú méjì tó dùn jù síwájú, kí ẹ fi líǹkì mú un lọ síbi tí odindi orin wà.

Orin tó ń dún fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá ṣe ń wọlé ńkọ́? Láti 2018 ni Chrome ti ń dí irú rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn mìíràn ti ń wá olórin o.

Àlejò kò wá ka ìtàn

Mo ti rí ìtàn ìgbésí ayé olórin tó dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tó ki bàbá rẹ̀ dáadáa, tí kò sì sọ irú orin tó ń kọ. Ẹni tó fẹ́ gbé òde fún yín fẹ́ mọ irú orin, iye èèyàn tó wà nínú ẹgbẹ́, bóyá ẹ̀yin lẹ máa gbé ẹ̀rọ ohùn wá tàbí òun ló máa háyà rẹ̀, àti ibi tí ẹ lè dé. Ó tún fẹ́ fídíò kan tí ẹ ti ń ṣeré níwájú èèyàn. Ti sítúdíò kò tó fún un, nítorí kò fi hàn án bóyá ẹ lè mú kí àgbà dìde láti náwó. Ẹni tó máa pè yín sórí pèpéle fẹ́ ìlà mẹ́ta tó lè kà jáde. Ẹ kọ ìlà mẹ́ta náà sókè, kí ẹ wá kọ ìtàn gígùn sísàlẹ̀ fún ẹni tó bá láyè. Iye owó, mi ò ní kí ẹ kọ ọ́. Onílé àti àlejò á dùnàádúrà.

Ẹ wá wo bọ́tìnì WhatsApp yín. Wa.me/234 ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀, kí nọ́ńbà tẹ̀ lé e láìsí òdo iwájú: 080 á di 23480. Ọ̀pọ̀ ló kọ 234080, bọ́tìnì wọn kò sì gbé ẹnikẹ́ni débì kankan látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n rò pé èèyàn kò pè ni. Ẹ fi fóònù ẹlòmíràn tẹ̀ ẹ́ wò lónìí.

Ojú-ewé "Eré tó ń bọ̀" tó jẹ́ pé Ọlọ́jọ́ èṣí ni eré tó wà níbẹ̀, ó burú ju kó má sí lọ. Ó ń sọ fún àlejò pé ẹ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ kò bá ní lè máa tún un ṣe ṣáájú Ọlọ́jọ́, Ìwúde Ìjẹ̀ṣà àti Kérésì, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Lẹ́yìn tó bá ti jáde

Ẹni tó fi WordPress, ètò tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣe wẹ́bsáìtì, ṣe é, tí kò gba àtúnṣe tó ń jáde fún un wọlé fún odindi ọdún kan, ó ṣí ilẹ̀kùn fún ọlọ́ṣà. Tẹ́ḿpílétì olówó, ìyẹn àwòṣe wẹ́bsáìtì tí wọ́n ń tà, tí ẹnì kan já, tí wọ́n ń pín kiri lọ́fẹ̀ẹ́ lórí WhatsApp, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó já a lè ti fi nǹkan ti ara rẹ̀ pamọ́ sínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń gbowó lọ́wọ́ yín lọ́dọọdún nítorí HTTPS, ìyẹn ààbò tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn yọjú wo ohun tó ń lọ láàárín àlejò àti wẹ́bsáìtì yín, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe: Let's Encrypt ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ hosting, àwọn tó ń gba wẹ́bsáìtì sórí ẹ̀rọ wọn, sì ti so ó mọ́ tiwọn. Ẹ má kàn má ní in, nítorí Chrome á kọ "Not secure" sí iwájú àdírẹ́sì yín.

Bí ẹ bá ń gba nọ́ńbà àti ímeèlì àwọn tó fẹ́ràn yín, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó máa fi ìpolówó ránṣẹ́ sí wọn. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 wà.

Ojúlówó orin yín, WAV rẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ ibì kan ṣoṣo ló wà. Ẹ̀dà kan nínú háàdì dísíìkì, ẹ̀dà kejì nílé ẹlòmíràn, kó má jẹ́ inú yàrá kan náà, nítorí bí iná bá fi agbára ńlá dé, kì í ba ẹyọ kan jẹ́. Kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́, yàtọ̀ sí ẹ̀yin fúnra yín, mọ ibi tí páásìwọ́ọ̀dù wà. Onílù ni mo máa ń ní kí wọ́n yàn. Olórin kì í pẹ́ sọ fóònù nù lóde àríyá, onílù ní tirẹ̀ kì í mú un lọ́wọ́.